Orí ẹ̀dà àkọ́kọ́ ló yẹ ká ti lekoko

Ìlànà kọ́ọ̀sì tí mo kọ́kọ́ kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, ojú ìwé mẹ́sàn-án ni. Mo tún un kà lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mò ń múra sáà tuntun sílẹ̀, ojú sì tì mí. Nínú ojú ìwé mẹ́sàn-án yẹn, mẹ́fà ló jẹ́ kìkì ìjìyà. Tó o bá pẹ́ dé, ohun tí ojú rẹ máa rí nìyí. Tó o bá pa kíláàsì jẹ lẹ́ẹ̀mẹrin, máàkì rẹ á wálẹ̀. Tí aago méjìlá òru bá fi ìṣẹ́jú kan kọjá kó o tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, mi ò ní gbà á. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ìwé kíkọ fúnra rẹ̀ kò kún ojú ìwé kan. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn á rò pé ilé ẹjọ́ ni mo pe òun sí.

Kíláàsì ìwé kíkọ ọdún kìíní ni iṣẹ́ mi ní Amẹ́ríkà níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá mọ̀ ọ́n: kọ́ọ̀sì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, ì báà ṣe nọ́ọ̀sì ló fẹ́ dà, ì báà ṣe ẹnjiníà. Èrò ọkàn mi lórí rẹ̀ kò gùn. Nínú gbogbo òfin tí à ń tò síwájú àwọn ọmọ yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló yẹ kó le: kí wọ́n mú ẹ̀dà àkọ́kọ́ wá, kí ẹlòmíràn kà á lójú wọn, kí wọ́n sì lọ tún un kọ. Ìyókù, a lè dẹ̀ ẹ́. Òdìkejì rẹ̀ gan-an la sì máa ń ṣe. A máa ń le koko níbi ọjọ́ àti aago, tá a bá wá dé ibi àtúnkọ, a ó ní "ẹ gbìyànjú kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi sílẹ̀." Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Bí wọ́n ṣe dá kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Lọ́dún 1874 ni Yunifásítì Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé kọ àròkọ nínú ìdánwò àbáwọlé. Ọ̀pọ̀ ló fìdí rẹmi, àwọn àgbà ilé ẹ̀kọ́ sì figbe ta. Nígbà tó di 1885, wọ́n ti dá kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní English A, àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sì ń wò ó ṣe. Inú àròyé ni wọ́n bí i sí, pé àwọn ọmọ yìí ò mọ ìwé kọ, kí ẹnì kan bá wa tún wọn ṣe. Mo gbà pé ẹ̀mí yẹn ò tíì kúrò lára rẹ̀ dòní. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ tó jẹ́ ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ nílé á fi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lóṣù kẹjọ, tí á wá máa kọ̀wé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ lè ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó kọ àròkọ lórí ìtọ́jú àgbàlagbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Láti ìgbà tí aráyé ti wà ni àwọn ènìyàn ti ń darúgbó." Ìpínrọ̀ mẹ́rin tẹ̀ lé e tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Ó wá ku díẹ̀ kí ojú ìwé kẹta parí, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí kò bá àwọn tó kù jọ: "Àwọn tí ọmọ wọn bá wá kí wọn nírọ̀lẹ́ kì í tẹ aago pè wá lóru." Èmi kọ́ ni mo rí i. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í, tí wọ́n ń ka iṣẹ́ ara wọn, ló fi pẹ́ńsù yí i po, tó sì kọ ọ̀rọ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Kí nìdí?" Ọmọbìnrin náà wò ó títí. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun kọ ọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀dà kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ka iye ìgbà tí aago ń dún, ó sì kọ nípa ìbẹ̀rù òru, nípa ohun tí àgbàlagbà ń béèrè nígbà tó bá ní omi lòun fẹ́ mu.

Òfin nípa pípẹ́ dé kọ́ ló bí àròkọ yẹn. Ká ní ọjọ́ tí ó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìkan ni mo ní, ìpínrọ̀ mẹ́rin yẹn ni ì bá fi ránṣẹ́, èmi náà ì bá sì fún un ní B, ká jọ gbàgbé rẹ̀.

Tí mo bá ní kí wọ́n wá sí kíláàsì, ohun tó fà á nìyẹn, mo sì ti ń sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn ń dúró dè ọ́ láti ka tirẹ̀, kí ìwọ náà ka tiẹ̀. Mo tún máa ń ṣí ìṣirò fún wọn. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí kírẹ́díìtì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n kọ́ọ̀sì, sọ pé kírẹ́díìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí kan nínú kíláàsì lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ó kéré tán wákàtí méjì iṣẹ́ níta. Kọ́ọ̀sì oníkírẹ́díìtì mẹ́ta wá di wákàtí mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbọ́ ọ rí. Wọ́n rò pé òru ọjọ́ kan tó láti fi kọ àròkọ, torí pé ó tó wọn nílé ìwé girama tí wọ́n ti wá.

Ọ̀rọ̀ AI, ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé bí ènìyàn, wá dé. ChatGPT, ọ̀kan lára wọn tí ilé iṣẹ́ OpenAI ṣe, jáde lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, láti ìgbà náà ni òfin tuntun ti ń kún inú ìlànà kọ́ọ̀sì bámúbámú. Àwọn kan gbójú lé irinṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń mọ ìwé tí ẹ̀rọ kọ. OpenAI fúnra wọn gbé irú rẹ̀ jáde ní January 2023. Kí July tó parí, wọ́n ti kó o kúrò nílẹ̀ torí pé ohun tó ń sọ ò ṣeé gbára lé. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford fi irinṣẹ́ méje bẹ́ẹ̀ yẹ àròkọ 91 wò, tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún TOEFL, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí wọ́n ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí. Ní ìpíndọ́gba, ó lé ní ìdajì tí wọ́n pè níṣẹ́ ẹ̀rọ. Ènìyàn ló kọ gbogbo wọn.

Ó dùn mí torí pé ó kù díẹ̀ kí n ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè kẹta fún fi àròkọ kan ránṣẹ́ tó dán gbinrin. Mo ti kọ ímeèlì pé kó wá rí mi, ìfura ló kún inú rẹ̀. Nǹkan kan ní kí n kọ́kọ́ ṣí fọ́ọ́dà rẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Nínú èyí àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ṣì kọ lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́nà kan náà. Nínú ìkejì, ó fa ìlà gba àárín odidi ìpínrọ̀ kan kọjá, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Mi ò gba èyí gbọ́ mọ́." Mo pa ímeèlì náà rẹ́. Kò sí irinṣẹ́ tó lè fi ohun tí mo rí níbẹ̀ hàn mí, torí ọpọlọ ọmọ náà ni mo rí tó ń ṣiṣẹ́.

Ní ti MLA àti APA, ìyẹn àwọn ìlànà bí a ṣe ń tọ́ka sí ìwé tí a lò, kí wọ́n ṣí ìwé wò ó. Ẹnikẹ́ni ò yẹ kó pàdánù máàkì nítorí kọ́mà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó ń ka àròkọ rẹ mọ ibi tí ohùn ẹlòmíràn parí sí àti ibi tí tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní di ẹ̀bi lé olùkọ́ nìkan lórí. CCCC, àjọ àwọn olùkọ́ ìwé kíkọ nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà, sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ inú kíláàsì ìwé kíkọ má ju 20 lọ, pé 15 ló dáa jù. Ẹ lọ wo bó ṣe rí lóde. Ẹni tó ní kíláàsì mẹ́rin, tí akẹ́kọ̀ọ́ 25 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ló máa kà. Tó bá fi ogún ìṣẹ́jú ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti lé ní wákàtí 33, àròkọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ yìí ni wọ́n sì ń san owó kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan fún, tí wọn ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ á wà ní sáà tó ń bọ̀. Òfin tó rọrùn láti fi ẹ̀rọ ṣọ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa mú, kí ló tún fẹ́ ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ilé ẹ̀kọ́, ẹ dín iye akẹ́kọ̀ọ́ kù nínú kíláàsì kí ẹ tó máa béèrè ìdí tí àwọn ọmọ ò fi mọ ìwé kọ.

Ìlànà tuntun mi kò ju ojú ìwé méjì lọ. Ẹnikẹ́ni ló ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi pẹ́ nínú sáà, kò ní ṣàlàyé, kò ní mú ìwé dókítà wá. Ọjọ́ tí a máa ka ẹ̀dà àkọ́kọ́ nìkan ni kò ní yẹ̀. Ìdajì ojú ìwé tó kún fún àṣìṣe, mo gbà á, máàkì rẹ̀ á pé, kó ṣá ti dé.

Ohun tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni ti àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, tí oorun ń pa lójú tábìlì lọ́jọ́ ìkàwé yẹn gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti fi wákàtí kan kún un nírọ̀lẹ́ Sunday, lórí Zoom, kí ẹni méjì méjì lè jọ ka iṣẹ́ ara wọn. Ẹni mẹ́rin ti forúkọ sílẹ̀. Tí ẹ̀yin olùkọ́ bíi tèmi bá ní ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀ ń gbà ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé.