Tíkẹ́ẹ̀tì Ewúrẹ́

(Iwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ṣábẹ̀ẹ́, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láàárọ̀. Koríko ti bo irin. Ìyá Alákàrà ń dín àkàrà. Bàbá Onífèrè, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, dé fìlà iṣẹ́, ó fi fèrè kọ́rùn. Ó ní òun ń retí ọkọ̀. Ẹ má bi í léèrè, ojoojúmọ́ ló ń retí rẹ̀. Rafíù dé, ó gbé báàgì ńlá kọ́ ẹ̀yìn. Sùlé onízẹ́m, ẹni tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ti ń ṣírò owó báàgì náà.)

SÙLÉ: Ẹ̀gbọ́n, ibo là ń lọ? Kútọnu?

RAFÍÙ: Yúróòpù.

SÙLÉ: (ó pa ẹ́ńjìnnì) Epo mi ò ní tó.

ÌYÁ: Ta ló pè ọ́ níbẹ̀?

RAFÍÙ: Kò sẹ́ni tó pè mí, Ìyá. Mo kàn fẹ́ rìn kiri ni. Màá wọ ọkọ̀ ojú irin, màá gun kẹ̀kẹ́, màá fẹsẹ̀ rin ìyókù.

ÌYÁ: Kí lo fẹ́ lọ tà?

RAFÍÙ: Mi ò ta nǹkan kan.

ÌYÁ: Àbí ìyàwó lo fẹ́ lọ fẹ́?

RAFÍÙ: Rárá o.

ÌYÁ: Ta ló wá ń lé ọ, ọmọ mi? Ṣé gbèsè ni? Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló ń yún ọ, òkè Ṣábẹ̀ẹ́ nìyẹn, gùn ún.

BÀBÁ: (ó fọn fèrè: fíìì!) Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin, èmi ló kàn. Tíkẹ́ẹ̀tì dà?

RAFÍÙ: Eurail ni, Bàbá. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, orílẹ̀-èdè 33. Àwọn tó ń gbé Yúróòpù ní tiwọn, Interrail ló ń jẹ́. Àwa àlejò la ni Eurail.

BÀBÁ: (ó yọ irin ìluhò lápò) Mú un wá kí n lu ihò sí i.

RAFÍÙ: Inú fóònù ló wà.

BÀBÁ: (ó wo fóònù, ó wo irin ọwọ́ rẹ̀) Mú un wá bẹ́ẹ̀.

RAFÍÙ: (ó ki fóònù bọ àpò) Bàbá!

BÀBÁ: Ṣé ọkọ̀ wọn ń dé lásìkò?

RAFÍÙ: Ti Jámánì ni wọ́n ń ráhùn sí. Bó bá ti fi ìṣẹ́jú 6 pẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pẹ́.

BÀBÁ: Ìṣẹ́jú 6! Ìtìjú! Láti 1936 tí irin ti dé Pàràkú, kìlómítà 438 láti Kútọnu, ta ló gbọ́ pé ọkọ̀ tiwa pẹ́?

SÙLÉ: Èyí tẹ́ ẹ ti ń retí láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé ńkọ́?

BÀBÁ: Ìyẹn ò tíì dé ni. Ohun tí ò tíì dé, báwo lo ṣe mọ̀ pé ó pẹ́?

RAFÍÙ: Fíísà ló ká mi lára jù. Yúrò 90, bíi sẹ́fà 59,000. Ọjọ́ 90 péré ni mo sì lè lò. Wọ́n tún ní kí n gba ìwé adójútòfò tó lè san tó yúrò 30,000, bí àìsàn bá ṣe mí, tàbí bí…

ÌYÁ: Tàbí bí kí ni?

RAFÍÙ: Bí wọ́n bá ní láti gbé mi wálé.

ÌYÁ: Gbé ọ báwo?

RAFÍÙ: Lójú… lójú oorun, Ìyá.

ÌYÁ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Irú onílé wo ló ń béèrè owó pósí kí àlejò tó wọlé?

SÙLÉ: Ó lé ní mílíọ̀nù 19 sẹ́fà! Ẹ̀gbọ́n, jẹ́jẹ́ ni màá wa yín dé Kútọnu.

RAFÍÙ: Ti kẹ̀kẹ́ tún wà. Ní Faransé, bí mo bá fẹ́ gbé e wọ TGV, ọkọ̀ ojú irin wọn tó ń sáré gan-an, láì tú u, màá sanwó àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí mo bá tú u sínú àpò, lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀fẹ́ ni.

BÀBÁ: (fíìì! fíìì!) Ṣẹ́ ẹ gbọ́? Ẹrù gbọ́dọ̀ sanwó! Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn!

ÌYÁ: (ó gbé ṣíbí sílẹ̀) Ọjọ́ wo, Bàbá Onífèrè?

BÀBÁ: (ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀) Ó ti pẹ́.

ÌYÁ: Ṣebí nǹkan yín kì í pẹ́? Rafíù, ọkùnrin yìí lé mi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Pàràkú, ó ní ewúrẹ́ mi ò ní tíkẹ́ẹ̀tì.

BÀBÁ: Òfin ni.

ÌYÁ: Ṣé kí n tú ewúrẹ́ sínú àpò ni? Ẹsẹ̀ lèmi àtòun fi rìn wálé.

RAFÍÙ: Ìyá, ohun tí àwọn òyìnbó ń wọ bàálù lọ ṣe lẹ ṣe yẹn! Wọ́n ń pè é ní Camino de Santiago. Láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní Faransé dé Santiago de Compostela ní Sípéènì, ó tó kìlómítà 780.

ÌYÁ: Ta ló lé wọn bọ́ sílẹ̀?

RAFÍÙ: Kò sẹ́ni tó lé wọn. Sàréè Jákọ́bù mímọ́ ni wọ́n ń rìn lọ. Wọ́n á sùn pọ̀ sínú yàrá kan, wọ́n á máa hanrun síra wọn létí. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin kìlómítà 100 tó kẹ́yìn, tàbí tó gun kẹ̀kẹ́ rin 200, á gba ìwé ẹ̀rí.

ÌYÁ: 100 péré? Pàràkú síbí ńkọ́?

SÙLÉ: Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

ÌYÁ: Ìwé ẹ̀rí tèmi dà?

RAFÍÙ: Ṣé ẹ rí i, wọ́n gbọ́dọ̀ máa lu òǹtẹ̀ síwèé yín lójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́.

BÀBÁ: (inú rẹ̀ dùn, fíìì!) Kò sí òǹtẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀rí! Òfin ni!

ÌYÁ: Òǹtẹ̀ ibùdó tẹ́ ẹ gbé lọ sílé nígbà tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì ńkọ́?

(Bàbá ń wo ojú ọ̀run.)

ÌYÁ: Ó dáa. Àkàrà tẹ́ ẹ ti ń jẹ láwìn láti ìgbà ààwẹ̀, èló ló ti di báyìí?

BÀBÁ: (ó dìde, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé) Rafíù, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ lo wí? Ìyá, ọjọ́ mélòó lẹ fi rìn ín?

ÌYÁ: Mẹ́fà.

BÀBÁ: Òǹtẹ̀ méjìlá nìyẹn.

ÌYÁ: Mẹ́rìnlélógún. Ti ewúrẹ́ ńkọ́?