Ọyàn tó pọ́n tí kò gbóògùn

Bí oṣù kẹwàá ọdún bá ti dé, tí ìpolongo lórí jẹjẹrẹ ọyàn bá wọ Tààkì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun kan náà ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́: kí obìnrin máa fọwọ́ wá kókó nínú ọyàn rẹ̀. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Oríṣi jẹjẹrẹ ọyàn kan wà tí kì í sábà ní kókó tí ọwọ́ lè bà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni ọyàn yóò wú, tí yóò pọ́n, tí yóò gbóná, tí ó sì lè máa dunni. Inflammatory breast cancer ni àwọn dókítà ń pè é. Kò wọ́pọ̀: nínú 100 obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ní Amẹ́ríkà, ẹni 1 sí 5 ni tirẹ̀ máa ń jẹ́ irú èyí. Àmọ́ ó yára tàn ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù lọ.

Ẹ wo ọsàn lórí igbá ní Tààkì kí wọ́n tó fi abẹ bó o: bí èèpo rẹ̀ ṣe ní ihò wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ ni awọ ọyàn aláìsàn náà máa ń rí. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ti dí àwọn òpó tín-ín-rín tó ń fa omi ara kúrò lábẹ́ awọ. Awọ wú, àyàfi ibi tí ìdí irun ti dè é mọ́lẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, wọn yóò ní ọmọ ló forí gbá a lọ́yàn. Wọn á fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, wọn á fún un ní oògùn apakòkòrò. Bí kò bá jẹ́, wọn á tún fún un ní òmíràn. Lóòótọ́, ọyàn abiyamọ tó pọ́n kì í sábà jẹ́ ti jẹjẹrẹ, a kò sì ní kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára gbogbo wọn fún àyẹ̀wò. Ohun tí a ń sọ ni pé bí oògùn àkọ́kọ́ kò bá wò ó láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kò yẹ kí dókítà kankan kọ òmíràn láìmú ẹran díẹ̀ nínú ọyàn náà, àti díẹ̀ lára awọ rẹ̀, fún àyẹ̀wò. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé gígé ẹran ló ń jí jẹjẹrẹ dìde kò mọ̀ pé ìdádúró ló ń fún un láyè.

Bí dókítà tó ń fi maikirosikóòpù wo ẹran ara kò bá rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú òpó abẹ́ awọ, ìyẹn nìkan kò tó láti sọ pé kò sí. Ohun tí ẹni tó rí aláìsàn lójúkojú bá kọ wà lára àyẹ̀wò náà: ọjọ́ tí pípọ́n bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ó ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta ọyàn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ “ẹran ọyàn” nìkan sí, àìbìkítà gbáà ni. Èsì yìí ló sì ń tún ètò ìtọ́jú tò, nítorí pé oògùn jẹjẹrẹ ló yẹ kó ṣíwájú, kí iṣẹ́ abẹ tẹ̀lé e, kí ìtọ́jú onítànṣán sì kẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n bá sáré gé ọyàn rẹ̀, wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ ṣíwájú ẹṣin.

Ẹran tí wọ́n gé náà gbọ́dọ̀ wọ inú fọ́málíìnì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, láàárín wákàtí kan, kí ó lò tó wákàtí 6 níbẹ̀, kí ó má sì kọjá 72. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyẹ̀wò ER, PR àti HER2, èròjà mẹ́ta tí wọ́n ń wá nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tó ń sọ oògùn tí yóò bá jẹjẹrẹ náà mu, lè parọ́. Síbẹ̀, ẹbí aláìsàn ni wọ́n ń gbé ìgò náà lé lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan gbé tìyá rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú lórí itan nínú bọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó kọ wákàtí tí wọ́n gé ẹran náà sára ìgò.

Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn méjì ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti Yunifásítì Bowen, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ní 1907, àti ti Yunifásítì LAUTECH. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní láti pèsè ọkọ̀ tí yóò máa kó ìgò wọ̀nyí láti Ìkòyí-Ilé àti àwọn ìletò yòókù wá sọ́dọ̀ wọn, kí àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ náà sì san owó gígé ẹran àti ti àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láìdúró de ìgbà tí ẹbí bá ta ilẹ̀.