Igbó fún ìtọ́jú aláìsàn: ta ló lè gbà wá láyè ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Àdùnní Ìsàlẹ̀-Afọ́n: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Oklahoma fi fọ́tò ránṣẹ́ lánàá: ìdí igbó mẹ́fà nínú ìkòkò lẹ́yìnkùlé wọn. Jẹjẹrẹ ló ń bá ọkọ rẹ̀ fínra. Láti 2018 tí àwọn ará ibẹ̀ ti dìbò pé kí aláìsàn lè lo igbó, ẹni tí dókítà bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ á gba káàdì. Á lè gbin mẹ́fà tó ti gbó àti mẹ́fà tó ṣì kéré, á sì lè ní áúnsì 8 nílé, 3 lára. Mò ń wo fọ́tò náà, omi ń bọ́ lójú mi. Jẹjẹrẹ yìí ló pa màmá mi. Òru ni ìrora yẹn máa ń le jù. Wọ́n á di etí bẹ́ẹ̀dì mú, èékánná wọn á máa ha pákó. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹnìkan gbé omi igbó wá fún wa nínú ike. Ẹ̀rù bà mí, mo dà á sí gọ́tà. Kí ló dé tí a ò lè ní irú òfin yẹn níbí?

Bàbá Oníkájú: Àdùnní ọmọ mi, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún màmá. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Mo yá ọmọkùnrin kan nílẹ̀ díẹ̀ lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ó ní ẹ̀gẹ́ lòun fẹ́ gbìn. Ẹ̀gẹ́ ló wà létí ọ̀nà lóòótọ́. Mo wọ àárín rẹ̀, òórùn kan gbá mi nímú: igbó ló tò sórí ebè, ó ga dé àyà mi. Ọmọ yẹn ti na pápá bora. Èmi tí mo nilẹ̀ ni wọn ì bá kó. Ẹ ní ìdí mẹ́fà. Ta ni yóò máa wọ oko kiri láti kà á?

Nọ́ọ̀sì Òru: Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ń fà, ọ̀tọ̀. Oògùn tí wọ́n yọ lára rẹ̀, ọ̀tọ̀. Ní 2018 náà ni FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn wò ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí Epidiolex, oògùn olómi tí wọ́n fi CBD, ọ̀kan lára àwọn èròjà inú igbó, ṣe, fún àwọn ọmọ tí wárápá líle ń gbé ṣubú. Bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọn oògùn fún un. CBD kì í pani bí ọtí. THC, èròjà inú igbó mìíràn, ló ń ṣe ìyẹn. Omi inú ike tìrẹ, ta ló wọ̀n ọ́n? Ó lè mú kí àyà aláìsàn máa já, kó máa rí ohun tí kò sí. Àdùnní, o ò ṣe àṣìṣe. Fún ìrora jẹjẹrẹ, mọ́fíìnì olómi wà, mímu ni, òfin sì gbà á.

Ọmọ Under-G: Ẹ̀yin àgbà, ẹ wo Gánà. 2020 ni wọ́n ṣòfin ìwé àṣẹ fún ẹni tó bá fẹ́ gbin irú tí THC rẹ̀ kò ju 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé e ní 2022, ilé aṣòfin tún un ṣe ní 2023. Àwa ńkọ́? Nígbà tí ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró dìbò ní December 2020 láti yọ igbó kúrò lára àwọn oògùn tí wọ́n kà sí eléwu jù, 27 gbà, 25 kọ̀, Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ̀. Kí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kúkú bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Lọ́yà Tákìé: Àbúrò, Ọ̀yọ́ ò lágbára ẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kó ọ̀rọ̀ oògùn àti májèlé sọ́wọ́ Àbújá nìkan. Gómìnà Oǹdó nígbà náà, Akérédolú, lọ sí Thailand ní May 2019 pẹ̀lú ọ̀gá àgbà NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, láti wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Wọ́n padà dé, òfin ò yí. Òfin NDLEA ti 1989, ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá gbìn ín. Ọdún 15 sí 25 fún ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ tàbí tó lò ó. Ní California ní Amẹ́ríkà, òfin ìpínlẹ̀ ti 2003 fún aláìsàn ní igi mẹ́fà tó gbó, ìjọba ìbílẹ̀ sì lè fi kún un. Níbí, ìjọba ìbílẹ̀ ò ní ohùn kankan. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìyá tó ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì àti ẹni tó ń tà á ní gárééjì, òfin kan náà ló dì wọ́n.

Ìyá Mekáníìkì: Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ mekáníìkì. Páràgà ló kọ́kọ́ ń mu, ó bọ́ sórí igbó, ó bọ́ sórí Colorado, ayédèrú igbó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Báyìí ó ń ṣa bébà lójú títì. Gbogbo Jímọ̀ ni mo máa ń wá a kàn, mà á bu omi, mà á fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Lọ́jọ́ mìíràn á pè mí ní màmá. Lọ́jọ́ mìíràn kò ní mọ̀ mí. Ẹ má ṣílẹ̀kùn yẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Àdùnní Ìsàlẹ̀-Afọ́n: Ìyá wa, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Kì í ṣe pé kí wọ́n máa tà á kiri ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nọ́ọ̀sì, mọ́fíìnì olómi tí ẹ dárúkọ yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí ní gbogbo oṣù tá a fi wà ní ọsibítù. Àbúrò màmá mi ti bẹ̀rẹ̀ irú àìsàn náà báyìí, àyà ọ̀tún. Níbo ni mo ti lè rí i?

Nọ́ọ̀sì Òru: Ẹ bá dókítà wọn sọ ọ́ lójú ara yín, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má dúró títí ìrora á fi le. Ọwọ́n ni, ó tètè ń tán, ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀ Monday. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ kọ̀wé sí mi níbí.