Àwọn Tí Ogun Lé Náà Ní Ìtàn

Bí ẹ bá ní kí ọmọ ilé ìwé kan sọ ohun tó mọ̀ nípa ogun ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ ni yóò máa kà fún yín. Yóò ní Kúrunmí, yóò ní Ògúnmọ́lá, yóò ní Látòóṣà, Fábùnmi, Ògèdèǹgbé. Bí orí rẹ̀ bá pé dáadáa, yóò fi kún un pé ọdún 1877 ni ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, bẹ̀rẹ̀, àti pé ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1893 ni ogun náà tó parí pátápátá. Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ wá bi í pé kí ni àwọn ènìyàn ń jẹ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ta ni ó ń dáko? Níbo ni wọ́n ti ń rí iyọ̀ rà nígbà tí ọ̀nà dí? Ẹni tí wọ́n kó ìyàwó rẹ̀ lọ, níbo ló ti rí owó tó fi rà á padà? Kò ní rí nǹkan kan sọ. N kò bá ọmọ náà wí o. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn, òun la sì tún gbé lé e lọ́wọ́.

Èrò ọkàn mi ni pé ìdajì ìtàn là ń sọ, a sì ń pè é ní odindi. Ìtàn tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì, ẹ̀yìn ẹni tó gun ẹṣin ló sábà máa ń tẹ̀lé. Ẹni tó di ẹrù lérí tó ń sá lọ sínú igbó, inú lẹ́tà, inú oríkì, inú orin àti inú ìtàn àròsọ la ti ń bá a pàdé. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ojú àwọn baba wa rí lọ́wọ́ ogun, lọ́wọ́ ìṣẹ́, àti lọ́wọ́ ayé tó ń yí, àfi ká da méjèèjì pọ̀ ká jọ kà wọ́n.

Ẹ wo lẹ́tà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ láti Fourah Bay ní Sàró, ní oṣù kejì ọdún 1837. Akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ló kọ ọ́ sí, ó ń ròyìn bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú. Ọdún 1821 ni ogun wọ Òṣogùn, ìlú wọn, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń sè lọ́wọ́. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni òkìkí kàn pé àwọn ọ̀tá ti dé ìtòsí. Bàbá rẹ̀ sáré wálé, ó ní kí wọ́n máa sá lọ, òun alára sì yí padà sójú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tó rí bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí mo máa ń dúró lé nínú lẹ́tà náà ni ibi tó ti sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Ó ní wọ́n ń sáré gba inú igbó ẹlẹ́gùn-ún, ìkókó wà lẹ́yìn, ọmọ mẹ́ta, ọmọ mẹ́rin, òmíràn ọmọ mẹ́fà rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹrù tún wà lórí. Ẹ̀gún há ẹrù, ó fà á já bọ́. Wọ́n pa ẹrù tì, ó di ti ọmọ nìkan, síbẹ̀ ẹni tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ kò lè kó gbogbo wọn. Níbi tí wọ́n ti ń já ara wọn gbà lọ́wọ́ ìtàkùn ni àwọn ọ̀tá bá wọn, tí wọ́n ju ojóbó okùn sí wọn lọ́rùn, tí wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń dà wọ́n lọ. Àjàyí, ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin àti ọmọ ẹbí wọn kan wà nínú àwọn tí wọ́n mú. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Ìyá lọ síbì kan, ọmọ lọ síbòmíràn. Nígbà tó yá, wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin.

Ẹ sọ fún mi, ìwé ẹ̀kọ́ wo ló kọ èyí fún wa? A mọ̀ pé Ọ̀yọ́ Ilé tú. A mọ̀ pé Fúlàní àti àwọn ẹgbẹ́ wọn jagun wọlé. Ọ̀rọ̀ ìlú lèyí. Ọ̀rọ̀ igbó ẹlẹ́gùn-ún, bí kì í bá ṣe ti ọmọ tó sá gba ibẹ̀ tó sì dàgbà di ẹni tó mọ̀wé, a kì bá tí gbọ́ ọ láéláé. Mélòó ni wọn ò ráyè kọ tiwọn nínú àwọn tí wọ́n jọ wà lójú okùn lọ́jọ́ náà? Ọdún 1846 ni Àjàyí tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá náà ń gbọ̀n nígbà tó rí òun, pé wọ́n di ara wọn mú, wọ́n sì ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀. Orúkọ ìyá náà ni Àfàlà. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó mọ orúkọ Látòóṣà mọ orúkọ Àfàlà pẹ̀lú.

N kò sọ pé kí a pa àwọn òpìtàn tì o. Samuel Johnson ṣe iṣẹ́ tí a ò lè san tán. Hastings ní Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1846, ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Ìbàdàn, ìṣojú rẹ̀ sì ni ogun Ìjàyè ṣe láàárín ọdún 1860 sí 1862. Nígbà tí ogun Kírìjì le, òun wà lára àwọn tó ń gbé ìwé àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ láàárín Aláàfin, àwọn olórí ogun àti gómìnà ní Èkó. Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, tó tún un kọ. Ní 1916, wọ́n fi èyí náà ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ Appam. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Àwọn Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa ogun, ogun ẹlòmíràn tún mú un nígbèkùn! Ọdún 1921 ló tó jáde, Obadiah náà ti kú.

Àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà máa ń sọ pé ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo nǹkan, wọn kò sì parọ́. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ ìtàn ogun ló níbi tó dúró sí. Ìdí nìyẹn tí ìwé kan kò fi lè tó wa.

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ wá ni mo rò pé a máa ń fi ẹnu bà sá jù. A máa ń ṣe bí ẹni pé ogun wà ní ọ̀tọ̀, ìṣẹ́ wà ní ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, ẹni tí kò di ìbọn mú rí náà jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó ọmọ ẹnì kan, wọ́n lè rà á padà bí owó bá wà, bí owó kò bá sì sí, wọ́n á fi ọmọ mìíràn ṣe ìwọ̀fà kí wọ́n lè rí owó yá. Ìwọ̀fà yàtọ̀ sí ẹrú, òótọ́ ni, ó sì lè padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀: gbogbo iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe lóko olówó, èlé ni. Kò dín ẹyọ kan kúrò nínú gbèsè. Ó lè roko fún ọdún mẹ́wàá kí gbèsè wà bó ṣe wà. Nítorí náà, ọmọ kan bọ́ lọ́wọ́ ogun, ọmọ kejì wọ oko gbèsè, balógun tó fa gbogbo rẹ̀ sì ń gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu onílù. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwọn tí ebi pa nígbà yẹn kò ráyè kọ̀wé. Àfi kí a wá wọn lọ sínú ohun tí wọ́n ń kọ lórin, àti sínú oríkì orílẹ̀ àwọn ìlú tó fọ́. Òwu fọ́ láàárín ọdún 1820 sí 1830, àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́n káàkiri, síbẹ̀ ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bí ọmọ Òwu ṣe ń ki ara rẹ̀ títí dòní.

Ìyípadà ayé náà nìyí: nígbà tí ìbọn dákẹ́, owó gba ipò rẹ̀. Láti 1929 wọ 1930, Isaac Thomas ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn Àkéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ló ń kọ wọ́n. Obìnrin náà jayé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó wá dùbúlẹ̀ àìsàn nínú òṣì, ó ń ròyìn ara rẹ̀. Ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé kan gbà pé ènìyàn gidi ni, wọ́n ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, wọ́n gbà á gbọ́ nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí irú rẹ̀ ní àdúgbò wọn.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Agbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí ìjọba nítorí owó orí, torí pé kò tíì pẹ́ rárá. Ní 1968 àti 1969, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Ìjọba ń wá owó. Ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ọrùn àgbẹ̀ ni wọ́n gbé owó orí lé, pẹ̀lú oríṣiríṣi owó mìíràn, nígbà tí owó tí wọ́n ń rí lórí kòkó kò tó wọn gbọ́ bùkátà. Àwọn agbowó orí ń ká wọn mọ́ lóko, wọ́n ń dójú tì wọ́n lójú ìyàwó àti ọmọ. Àwọn àgbẹ̀ bá fárígá. Orin wọn ni pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn máa san. Ọ̀kẹ́ ni àpò owó ẹyọ tí wọ́n fi ń ka owó láyé àtijọ́; ọ̀kẹ́ mẹ́fà yẹn jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti ṣílè mẹ́wàá. Owó ẹyọ ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n bí baba àgbẹ̀ ṣe ń ka owó lọ́kẹ̀ lọ́kẹ̀ lòun náà ṣe kà á nígbà tó ń kojú ìjọba ológun. Ìròyìn ìjọba kò lè fún wa ní irú èyí. Inú orin ló wà.

Ẹ̀mí ṣòfò gan-an. Wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù keje ọdún 1969. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agódi n'Ìbàdàn, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ wá lọ bá Táfá Adéoyè, olórí àwọn àgbẹ̀ náà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìjọba sì já owó orí sí pọ́n-ùn méjì. Gbogbo èyí wà nínú ìwé. Ohun tí n kò rí kà tó ni ti àwọn ìyàwó àgbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin wọ igbó, ta ni ó ká kòkó ọdún yẹn? Ta ni ó sá a? Kí ni wọ́n sọ fún ọmọdé tó ń bèèrè bàbá rẹ̀?

Inú máa ń bí mi bí mo bá rí i tí a ń jà lórí Facebook nípa ìlú tó ṣẹ́gun ìlú. Ìbàdàn ní tàwọn, Ìjẹ̀ṣà ní tàwọn, a ó máa bú ara wa lórí ogun tó ti parí láti 1893. Ẹni tó ń pariwo pé balógun ìlú òun kó ẹrú tó báyìí-báyìí, ṣé ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ìyá tó bí ìyá-ńlá òun wà lára àwọn ẹrú náà? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ ọmọ ajagun àti ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ kí olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní Kírìjì mú lẹ́tà Àjàyí wọ kíláàsì, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ kà á sókè, kí ó sì bi wọ́n pé ẹrù wo ni àwọn ìbá kọ́kọ́ jù sílẹ̀ nínú igbó yẹn.

Àwọn òbí Àjàyí àti ẹgbẹ́ wọn ti lọ, a ò lè bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Ti Agbẹ́kọ̀yà ṣì kù. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1969 ti lé ní àádọ́rin báyìí, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣì wà láàárín wa, wọ́n ń jókòó síwájú ilé, wọ́n ń gbọ́ rédíò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà tó wà lábúlé nígbà náà, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n tà, ibi tí wọ́n sá sí, ẹni tí kò padà wálé. Fóònù tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe wá sí wọn lẹ́nu, kí ẹ má bá wọn tún un ṣe.