Brighton Rock ti jáde kí Graham Greene tó di amí

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ pé iṣẹ́ amí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló la Graham Greene, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lójú sí ìwà ọ̀daràn, tí ẹ sì fi Brighton Rock, ìwé ìtàn rẹ̀ lórí àwọn ọ̀daràn, ṣe ẹ̀rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọdún tí ìwé náà jáde: 1938. A Gun for Sale, ìwé ọ̀daràn rẹ̀ mìíràn, tiẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ ní 1936. Ọdún 1941 ni MI6, àjọ amí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà á síṣẹ́. Ṣé ọmọ lè bí bàbá rẹ̀ ni?

Ogun fọwọ́ kàn án lóòótọ́, àmọ́ níbòmíràn. Èkó níbí ló ti kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ àṣírí àti bí wọ́n ṣe ń tú u, kó tó kọjá sí Freetown ní Sierra Leone ní 1942. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń tú inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí wò nítorí dáyámọ́ńdì fàyàwọ́. Ẹ ka The Heart of the Matter (1948), ẹ ó rí ọkọ̀ náà, ẹ ó sì rí Scobie, ọ̀gá ọlọ́pàá tí àánú ṣíṣe kó sí wàhálà.

Nígbà tó padà sí London ní 1943, ọ̀rọ̀ Potogí ló ń bójú tó lábẹ́ Kim Philby, ọ̀gá rẹ̀ ní MI6. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ nípa àwọn amí Jámánì tó ń jókòó jẹ́ẹ́ ní Potogí, tí wọ́n ń hun irọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn, tí wọ́n sì ń gbowó lé e. Inú èyí ni Our Man in Havana (1958), ìwé rẹ̀ nípa amí tó ń hun irú irọ́ bẹ́ẹ̀, ti sú yọ.