Ọ̀nà méjì ni ọpọlọ ń gbà mọ inú ẹlòmíràn
Àpilẹ̀kọ kan tí mo kà nípa bí ọmọdé ṣe ń mọ inú ẹlòmíràn sọ pé kí ọmọ tó pé nǹkan bí ọdún 4, kò lè mọ̀ pé èrò ẹlòmíràn lè yàtọ̀ sí tòun. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú ìdánwò tí Wimmer àti Perner, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tẹ̀ jáde ní 1983, wọ́n sọ ìtàn kan fún àwọn ọmọdé, ọmọkùnrin kan fi ṣokoléètì pamọ́, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ síbòmíràn nígbà tí ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ọmọdé pé ibo ni ọmọkùnrin náà yóò ti wá a, ibi tí ìyá gbé e sí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kéré jù tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè dáadáa, kó gbé ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì mọ̀ọ́mọ̀ rò ó. Ní 2005, àwọn olùwádìí méjì mìíràn, Onishi àti Baillargeon, kò béèrè ohunkóhun. Wọ́n kàn wo bí ojú àwọn ọmọ oṣù 15 ṣe pẹ́ tó lára ohun tí wọ́n rí, ó sì pẹ́ jù nígbà tí ẹnì kan bá nawọ́ síbi tí kò bá ibi tí òun fúnra rẹ̀ gbàgbọ́ pé ohun tó ń wá wà mu. (Àwọn mìíràn ti tún irú ìwádìí yìí ṣe, àbájáde rẹ̀ kò sì dúró sójú kan, ó yẹ kí òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ náà mẹ́nu bà á.) Àlàyé tí àwọn olùwádìí Apperly àti Butterfill ṣe ní 2009 ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, pé ọ̀nà méjì la ń gbà mọ inú ẹlòmíràn: ọ̀nà kan yára, kò gba ìsapá, ṣùgbọ́n kò lè kọjá nǹkan kéékèèké bí ohun tí ẹnì kan rí tàbí tí kò rí, èkejì ń falẹ̀, ó sì ń gba agbára, débi pé àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ pín sí iṣẹ́ mìíràn a máa ṣì í ṣe.