Apilẹ̀ 16S Nìkan Kò Tó

Ọ̀rọ̀ kan ń kárí láàárín àwa tí a ń gbin ẹ̀wà sí ẹ̀yìnkùlé ní Yábàá àti Ṣómólú: pé bí apilẹ̀ àbùdá 16S ti bakitéríà méjì tí ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ ewéko bá fi ìdá 99 nínú 100 jọra, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, ẹ̀wà kan náà ni wọn yóò sì ṣiṣẹ́ fún.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Apilẹ̀ kan ṣoṣo ni 16S, nǹkan bí lẹ́tà 1,500, nínú DNA Bradyrhizobium, ọ̀kan lára àwọn bakitéríà wọ̀nyí, tí lẹ́tà rẹ̀ sábà máa ń ju mílíọ̀nù 7 lọ. Kì í tètè yí padà. Nítorí náà, bí ìjọra rẹ̀ bá kéré sí nǹkan bí ìdá 98.7, ó ṣeé ṣe kí a sọ pé ẹ̀yà wọn yàtọ̀; ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tíì fi hàn pé ẹ̀yà kan ni wọ́n. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, n kò sì bá wọn wí, torí ìṣirò náà dà bí ẹni pé ó lè ṣiṣẹ́ síwá sẹ́yìn.

Láti mọ̀ bóyá ẹ̀yà kan ni wọ́n, gbogbo DNA bakitéríà méjèèjì ni à ń fi wéra; bí ìjọra náà bá tó nǹkan bí ìdá 95 sí 96, ẹ̀yà kan náà ni a ń kà wọ́n sí.

Ti ẹ̀wà tí wọn yóò bá ṣiṣẹ́ tún yàtọ̀, nítorí pé àwọn apilẹ̀ tó ń mú kókó, ilé tí bakitéríà náà ń gbé, yọ lára gbòǹgbò ẹ̀wà lè ṣí láti ara bakitéríà kan sí òmíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè gba DNA wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí NCBI, ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó DNA pamọ́ sí lórí ayélujára, kí ó sì ṣírò ìjọra náà fúnra rẹ̀.